Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Róbọ́ọ̀tì Afúnwàrà Wá sí Diabo

Ẹ̀yin bàbá wa nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣòwò tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Diabo, ní Botro àti ní Béoumi, 

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láàrin wa láti ìgbà díẹ̀ ni mo fẹ́ dá sí. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti wo fídíò ẹ̀rọ tó ń dá fún wàrà lára màlúù ní Yúróòpù. Wọ́n ní kí a dá owó jọ, kí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Baoulé nítòsí Diabo, kí a da màlúù sí koríko, kí a má jẹ́ kí oògùn kẹ́míkà kàn án, kí a wá gbé róbọ́ọ̀tì síbẹ̀, kí gbogbo Bouaké máa mu wàrà wa. Àwọn àgbà kan ti ń mi orí sí i. Wàrà ni èmi tó ń kọ ìwé yìí ń tà. Ọwọ́ àwọn ìyàwó Fúlàní ni mo ti ń rà á. Mo ń sè é, mo ń fi ṣe wàrà dídì, mo sì ń fi ṣe yọ́gọ́ọ̀tì fún àwọn tó ń ta dèguè, oúnjẹ ọkà tí wọ́n ń po mọ́ yọ́gọ́ọ̀tì. N kò bá ẹ̀rọ jà. Ohun tí mo rí ni pé àìsí ọwọ́ tí yóò fún màlúù kọ́ ló dá iṣẹ́ wàrà dúró ní Diabo. Nǹkan mìíràn ló dá a dúró, owó yín sì lè ṣí i lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí fídíò kì í sọ tán. Orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e wọ oko àgbẹ̀, ní 1992. Màlúù á wọ okùn ọrùn kan tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í lé e lọ síbẹ̀. Oúnjẹ aládùn tó wà nínú àpótí ẹ̀rọ náà ló ń fà á. Bó bá wọlé, ẹ̀rọ á wo ìgbà tí wọ́n fún un kẹ́yìn. Bí àkókò kò bá tíì tó, ilẹ̀kùn á ṣí, á máa bá tirẹ̀ lọ. Bó bá tó, apá irin á yọ sábẹ́ ikùn rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á fọ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná lésà tàbí kámẹ́rà á wá ibi tí wọ́n wà, ife mẹ́rin á sì so mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọmú tó bá kọ́kọ́ gbẹ, ife tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Ẹ̀rọ náà tún ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wàrà kọjá: ọmú tó fẹ́ wú, wàrà rẹ̀ máa ń níyọ̀ ju ti ọmú tó dá ṣáká lọ, iná sì máa ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀rọ bá fura, á darí wàrà yẹn sọ́tọ̀, á sì ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni oko. Tọ̀sán-tòru ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni. Àgbẹ̀ Netherlands kò rí ọmọ ẹlòmíràn tó fẹ́ jí ní aago mẹ́rin ìdájí wá fún màlúù, bó bá sì rí i, owó oṣù rẹ̀ á gé e lọ́wọ́. Màlúù rẹ̀ kan ń mú bíi lítà 25 sí 30 wá lóòjọ́. Ẹ̀rọ kan ń gba bíi ọgọ́ta màlúù. Tí a bá fi 25 ṣírò, lítà 1,500 nìyẹn lójúmọ́ kan lábẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí owó ẹ̀rọ fi lè padà wọlé.

Ẹ wá wo tiwa. Màlúù tó wà ní agbègbè Diabo, N'Dama ni, àti màlúù kékeré tí wọ́n fi orúkọ Baoulé pè, àti séébù àwọn Fúlàní, àti àwọn tó jẹ́ àdàlù. Tí ọmọ wọn bá ti mu tirẹ̀, lítà kan tàbí méjì ló máa ń kù fún igbá, bí ojú ọjọ́ bá sì dára. Ọgọ́ta màlúù tí a bá fi lítà méjì ṣírò, lítà 120 ni. Owó ẹ̀rọ náà ní Yúróòpù ju 100,000 yúrò lọ, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 65 sẹ́fà, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, kí kọsítọ́ọ̀mù tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin oníṣòwò ni ẹ kọ́ wa ní ìṣirò. N kò ní ṣe é lójú yín.

Owó tilẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ màlúù ni. Ẹni tó bá ti dúró ní gáà Fúlàní ní ìdájí á ti rí i pé wọn kì í fún ìyá láìjẹ́ pé ọmọ kọ́kọ́ fẹnu kan ọmú. Wọ́n á tú ọmọ sílẹ̀, á sáré lọ, á fi orí ta ọmú, á mu díẹ̀, wàrà á sì sọ̀ wálẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á fà á sẹ́yìn, wọ́n á so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, kí ìyá máa fi ahọ́n lá a bí wọ́n ti ń fún un. Bí ọmọ bá kú, ìyá mìíràn á gbẹ kanlẹ̀. Àwọn màlúù Yúróòpù ti bọ́ nínú èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ìran ni àwọn àgbẹ̀ wọn ti fi ń ṣa èyí tó ń sọ wàrà láìrí ọmọ. Apá irin kò lè ṣe bí ọmọ màlúù. Ọmú N'Dama sì kéré, orí ọmú rẹ̀ kúrú; ọmú ńlá ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe ife ẹ̀rọ yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa á ní kí a ra màlúù òyìnbó nígbà náà. Kí a tó lọ wo fídíò Yúróòpù, ó yẹ kí a béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Minankro, níbí lẹ́bàá Bouaké. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn níbẹ̀ fi akọ màlúù òyìnbó Jersey gun abo N'Dama, wọ́n sì da àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí koríko. Àwọn ọmọ náà mú wàrà wá ju ìyá wọn lọ dáadáa. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó bá ṣe pọ̀ tó lára ẹran ni ìtọ́jú rẹ̀ ṣe ń le tó. Ohun tó mú N'Dama àti Baoulé pẹ́ nílẹ̀ yìí ni pé ara wọn lè fara da àrùn tí kòkòrò tsetse ń gbé kiri, èyí tó ń pa ẹran mìíràn. Màlúù òyìnbó bíi Holstein kò ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó o wá sí Diabo yóò máa gún un lábẹ́rẹ́, yóò máa fín oògùn eégbọn sí i lára, yóò máa ra oúnjẹ fún un. Kí ló wá kù nínú ọ̀rọ̀ pé a kò ní jẹ́ kí oògùn kẹ́míkà kàn án? Ọ̀kan nínú oúnjẹ tí wọ́n ń rà fún màlúù ní Bouaké, kóró òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni, òwú sì wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń fín oògùn sí jù lọ ní gbogbo àgbègbè yìí.

Ọ̀rọ̀ koríko náà wà ńbẹ̀. Àwọn tó ṣe róbọ́ọ̀tì, inú ilé ni wọ́n ti fi ojú inú rí màlúù: ó ń jẹ, ó ń sùn, ẹ̀rọ wà ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí àwọn tó ń da màlúù sí pápá fẹ́ lò ó, wọ́n ní láti ronú tuntun. Ní New Zealand, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ nítòsí Hamilton ní 2001. Ní Australia, Yunifásítì Sydney wọ inú rẹ̀. Ní Ireland, ibùdó ìwádìí Moorepark darí iṣẹ́ kan tí Àjọṣepọ̀ Yúróòpù san owó rẹ̀ láti 2013. Ohun tí wọ́n rí bára mu. Bí pápá bá ti jìnnà sí ẹ̀rọ ju nǹkan bí ìdajì kìlómítà lọ, màlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ìgbà tó ń wá á dín, wàrà náà á dín. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni pé kí wọ́n pín pápá sí mẹ́ta. Koríko tuntun á ṣí ní apá kan ní òwúrọ̀, ní apá kejì ní ọ̀sán, ní apá kẹta ní òru, kò sì sí ọ̀nà láti apá kan sí èkejì bí kò ṣe ìdí ẹ̀rọ. Ebi koríko tuntun ló ń gbé màlúù wá fún wàrà. Fún àwọn tí oko wọn wà lábẹ́ òfin àìlo kẹ́míkà, ó tún le sí i: òfin Yúróòpù ní kí ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ màlúù jẹ́ koríko àti irú rẹ̀, nítorí náà oúnjẹ aládùn tí wọ́n fi ń tan màlúù wọ inú àpótí kò lè pọ̀.

Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n pápá mẹ́ta yẹn. N ó padà sórí rẹ̀. Ẹ kàn wo Diabo ní oṣù Kejì ọdún. Iná ti jó pápá, ilẹ̀ dúdú, odò kéékèèké ti gbẹ. Darandaran á kó ẹran rìn kìlómítà lórí kìlómítà kí ó tó rí ohun tí wọn ó mu. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á so ẹran mọ́lẹ̀ nítorí olè, àti kí wọ́n má baà wọ oko iṣu ẹlòmíràn kí ó wá di ìjà. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dúró de màlúù ní aago méjì òru, ta ni yóò dé bá a?

Ọ̀rọ̀ omi àti iná, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, gbogbo wa la jọ jẹ ìyà rẹ̀. Ní 2018, adágún La Loka tó ń fún Bouaké ní omi gbẹ, odindi ìlú sì ń sáré kiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ní 2021, wọ́n ń pín iná fún wa ní wákàtí wákàtí. Ẹ̀rọ yìí ń fọ ara rẹ̀ lójoojúmọ́, omi tó mọ́ tó sì gbóná ló fi ń fọ̀ ọ́, ẹ̀yìn màlúù kọ̀ọ̀kan ló tún ń ṣan ife. Ọjọ́ tí kò bá rí omi, wàrà á bàjẹ́. Ọjọ́ tí kò bá rí iná, ọmú á wú.

Nípa ilẹ̀, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ju èmi lọ. Òfin ilẹ̀ oko ti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1998 sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko. Àlejò lè háyà rẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ bí ogún. N kò bá òfin wọn wí, onílé ló nilé. Àmọ́ àlejò ni wá. Àwọn kan wà nínú yín tí bàbá wọn wà ní Gáánà ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù. Àwọn mìíràn wà ní Bouaké yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, nígbà tí ìbọn dún, tí ìlú sì di ti àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ohun tó ṣeé gbé sórí ọkọ̀ ló bá ọ̀pọ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n dì mọ́ kọnkéré kò ní bá ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dá wàrà dúró gan-an.

Lákọ̀ọ́kọ́, òwúrọ̀ nìkan ni mo ń ra wàrà. Èyí tí wọ́n bá fún ní ìrọ̀lẹ́, n kò lè rà á, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ nínú ooru yìí, á ti kan. Àwọn obìnrin gáà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ fún ti ìrọ̀lẹ́ rárá, ọmọ màlúù ló ń mu ún. Ní ìgbà òjò tí koríko pọ̀, wàrà máa ń pọ̀ débi pé wọ́n ń bẹ̀ mí kí n gbà á, mo sì ń dá a padà, torí n kò ní ibi tí mo lè fi í sí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn oníbàárà mi ló máa ń bẹ̀ mí, n kò sì ní. Obìnrin tó gbé gáà jìnnà sí títì kò lè mú tirẹ̀ dé rárá. Wàrà wà nínú ìgbẹ́, ẹnu tó fẹ́ mu ún wà ní Bouaké, ohun tó wà láàrin wọn ni ooru àti ọ̀nà.

Ohun kejì ni ẹni tó ni wàrà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹran tí ẹ ń rí ní ẹ̀yìn Diabo kì í ṣe ti darandaran tó ń dà á. Ti onílẹ̀ ni, ti oníṣòwò ìlú ni, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wàrà jẹ́ ara owó iṣẹ́ darandaran, ìyàwó rẹ̀ ló ń tà á, òun ló fi ń ra iyọ̀, ìrẹsì àti oògùn ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ kò tíì béèrè ọwọ́ ta ni. Ẹran tí wọ́n bá gba wàrà rẹ̀ lọ́wọ́ adàran, ta ni yóò dà á dáadáa mọ́?

Ohun kẹta, ẹ má bínú sí mi. Ta ló ń ta mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ní Diabo? Àwa náà ni. Ó wà lórí pẹpẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa, ní sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí ọmọdé lè fi owó ẹyọ rà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe wàrà tó pé: wọ́n ti yọ ọ̀rá bọ́tà kúrò ní Yúróòpù, wọ́n fi òróró ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà wá fún àwa tí a ni igi ọ̀pẹ. Láti 2015 tí owó-orí ẹnubodè ECOWAS ti di ọ̀kan, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tó wọlé nínú àpò ńlá. Ọdún yẹn kan náà ni Yúróòpù mú òdiwọ̀n tó wà lórí iye wàrà tí àgbẹ̀ wọn lè fún kúrò. Róbọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ rà wà lára ohun tó sọ wàrà wọn di púpọ̀. Ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ wọn kan ṣoṣo bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ díje, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù yín ń ta ọjà wọn.

Ní ilé wa, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibi kan wà tí ẹ lè rán ènìyàn lọ wò. Fáṣọlá ni, oko ìjọba àtijọ́ tí wọ́n ti ń sin N'Dama. Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti wọ inú ètò wàrà abẹ́lé pẹ̀lú ìjọba. Òyìnbó Netherlands ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ náà, láti ilẹ̀ tí róbọ́ọ̀tì ti jáde, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní ilẹ̀ Yorùbá, ibùdó ìkówàràjọ ni wọ́n kọ́, wọ́n gbé táǹkì tó ń mú wàrà tutù síbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Ní Senegal, Bagoré Bathily dá Laiterie du Berger sílẹ̀ ní 2006 ní Richard-Toll, ọwọ́ àwọn darandaran ló ti ń gba wàrà tó fi ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì Dolima. Ní Mauritania, Nancy Abeiderrahmane ti bẹ̀rẹ̀ Tiviski láti òpin àwọn ọdún 1980, ó ń ra wàrà ràkúnmí lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ibùgbé kan pàtó. Àwọn tó yege ní ẹkùn wa, wàrà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ fi apá kékeré nínú owó róbọ́ọ̀tì ra táǹkì kan tó lè mú wàrà tutù dé ìwọ̀n 4 Celsius, kí ó máa lo iná oòrùn, kí ó sì ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn. Ẹ gbé e sí Diabo, lẹ́bàá títì Botro, lórí ilẹ̀ háyà tí ìwé rẹ̀ pé níwájú olóyè ìlú àti sùpréfẹ̀. Ẹ ra ọ̀kadà méjì pẹ̀lú agolo irin, kí wọ́n máa yí gáà ká ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹni tó ń gba wàrà ní ohun èlò tó fi ń mọ̀ bóyá wọ́n bomi lù ú tàbí ó ti fẹ́ kan. Kí owó sì máa dé ọwọ́ obìnrin tó ni ín fúnra rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fún ọkọ, ẹ má fún ọ̀gá olówó ẹran.

Ọgbọ́n pápá mẹ́ta tí mo ní n ó padà sí, a kò nílò róbọ́ọ̀tì kí a tó lò ó. Bí ẹnìkan nínú yín bá ní ẹran, kí ó gbẹ́ omi sí ibi tí wọ́n ti ń fún wàrà, kí ó dá pápá yí i ká, kí ó gbin koríko sí i, kí ó sì máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màlúù á máa wá fúnra rẹ̀, ọmọ darandaran á sì sinmi ìrìn. Bí Minankro bá tún lè fún wa ní àdàlù tó mú wàrà wá díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ afúnwàrà kékeré alágbèérìn, tí a ń so mọ́ màlúù kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, tó fún oko bẹ́ẹ̀, a sì lè so ọmọ màlúù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀.

Bí àwọn aṣojú wa bá lọ kí àwọn ará ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn àti ẹja, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn pé nínú ètò ọdún 2022 sí 2026 tí wọ́n gbé jáde lórí ẹran ọ̀sìn, kí ni ti wàrà Diabo? Ẹ béèrè pẹ̀lú pé kí ni wọ́n ń sọ ní ECOWAS nípa ìdá 5 yẹn. Mo mọ̀ pé ìbéèrè kejì lè dín èrè àwọn kan kù nínú yín. Ẹ béèrè rẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹ bá gbà, mo ti bá àwọn obìnrin gáà mẹ́ta sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ti ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ tí táǹkì bá dé. Kí ẹni tí ẹ bá yàn wá bá mi ní ọjà Diabo, kí ó dé kí aago méje àárọ̀ tó lù, torí lẹ́yìn ìyẹn mo ti ń sè é.

Èmi ọmọ yín,
Oníwàrà ní Diabo